Ẹ gbójú sókè wo aláìsàn kí ẹ tó kọ oògùn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi gidi. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo sin àbúrò mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà tún kọ codeine, oògùn ìrora tó ń di bárakú, fún un, ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, kò sì gbójú sókè wò ó rárá. Ká ní ó wò ó ni, ì bá rí i pé ọmọlójú rẹ̀ ti súnkì bí ẹnu abẹ́rẹ́, pé ó ń tòògbé lórí ìjókòó, tó sì ń họ apá.

Iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, oògùn ọjọ́ mẹ́wàá ń tán lọ́jọ́ mẹ́rin. Ó ní ìwé oògùn òun sọnù, ó ní wọ́n jí báàgì òun, ó ní oògùn mìíràn kì í ran òun. Bí dókítà kan bá kọ̀, á gba ọ̀dọ̀ òmíràn lọ. Tí kò bá sì rí i lò, á máa yán ṣáá, imú á máa ṣomi, òógùn á bò ó. Èmi tí n kò kàwé ìṣègùn rí gbogbo èyí. Àwọn tó kà á ńkọ́? Wọn kì í gbójú sókè!

Àwọn aláṣẹ ìlera ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé kí aláìsàn má ṣi oògùn lò. Ta ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń kọ ọ́?

Ohun tí mo fẹ́ ni àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo dókítà àti apòògùn gbọ́dọ̀ ṣí kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn tó ń di bárakú. Ta ló fún un kẹ́yìn? Lọ́jọ́ wo? Hóró mélòó? Ẹni tí kò bá ṣí i, kó má lè fún un. Kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ kọ iye hóró, torí mo ti rí ibi tí bírò ti sọ 10 di 40. Àbúrò mi ló ṣe é, ó dùn mí láti sọ ọ́.

Kí ẹbí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní naloxone nílé, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tó bá lo irú oògùn ìrora yìí ní àlòjù. Kí ẹ má sì lé wọn bí olè, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bá wọn dín oògùn náà kù.

Wọ́n ní kí àbúrò mi padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo máa bá a wọlé, ìwé tó fi bírò tún ṣe yẹn á sì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára