Àlàó, Má Wo Fídíò Kankan Kí Halo Tó Dé

Àlàó ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o ń bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé kí ló ń ṣe bọ̀ọ̀dá rẹ, àgbààyà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó fi ń retí géèmù. Màmá rẹ náà bi mí nígbà tí mo wá kí yín ní Akóbọ̀. Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn, torí àlàyé yẹn gùn, ọbẹ̀ sì ti ń tutù. Ìwọ ni màá ṣàlàyé fún. Mo tún ní ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́.

Halo: Campaign Evolved lorúkọ rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Seattle, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Halo World Championship. Wọ́n ní ó máa jáde ní 2026. Ìtàn inú rẹ̀ ti pẹ́. Halo àkọ́kọ́, Combat Evolved, tó jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2001, ni wọ́n tún ń kọ́ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú Unreal Engine 5, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù. Èyí tó mú mi dìde lórí àga nínú ìkéde náà ni pé ó máa dé orí PlayStation 5. Láti ọjọ́ tí Halo ti dáyé, kò dé orí PlayStation kankan rí. Microsoft ló ni ín, Microsoft náà ló ni Xbox, ẹ̀rọ géèmù tó ń bá PlayStation díje, bí o kò bá ní Xbox tàbí kọ̀ǹpútà tó lágbára, ó di kí o máa gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì. O sì mọ Ìbàdàn wa. Wọ gbogbo ilé géèmù tó wà láti Àgbowó títí dé Òjòó, PlayStation lo máa bá níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń gbá lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ní Xbox láàárín wa, bí ẹni tó ń sin ẹṣin nílé ni: gbogbo àdúgbò ló máa mọ ilé rẹ̀, kò sì ní rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ Halo, ní Mọ́kọ́lá, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí bàbá rẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Xbox àkọ́kọ́ ni, dúdú, ó wúwo, wọ́n kọ X ràgàjì sí i láyà. Páàdì rẹ̀ tóbi débi pé mo ní láti gbé ọwọ́ kúrò kí n tó lè tẹ bọ́tìnnì kan. Iná Amẹ́ríkà tó jẹ́ nǹkan bíi 120 volts ni wọ́n ṣe é fún, tiwa níbí sì lé ní 220, ìdí nìyẹn tí step-down kan, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, fi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tó ń kùn ṣáá. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná. Màmá ọ̀rẹ́ mi ṣòfin pé bí ọwọ́ kò bá ti lè dúró lára step-down mọ́, ká paná kíá. Wọn ò kàn sọ ọwọ́ ta ni. Ọwọ́ tèmi la máa ń lò, torí mo ti ń bá màmá àgbà ro ọkà láti kékeré, ooru irin kò jọ mí lójú. Bí màmá rẹ̀ bá ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, èmi ni mo máa ń sáré gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, màá ní, “Ẹ wò ó mà, kò tíì gbóná,” òógùn á sì máa bọ̀ lójú mi.

Ìyókù tí mo lè sọ fún ọ nípa ìtàn náà kò pọ̀. Ọdún 2552 ni. Ọmọ aráyé ti kó dé orí àwọn ayé mìíràn lọ́nà jíjìn, ogun sì wà láàárín wa àti Covenant, àwọn ìran àjèjì lóríṣiríṣi tí ẹ̀sìn kan ṣoṣo dì pọ̀, tí wọ́n gbà pé àwọn òrìṣà wọn ló rán wọn kí wọ́n pa wá rẹ́. Ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Pillar of Autumn sá àsálà kúrò ní Reach, ọ̀kan lára àwọn ayé wọ̀nyẹn, ó sì já síwájú òrùka kan tó dúró nínú òfúrufú. Láti etí kan òrùka yìí sí ìkejì tó 10,000 kìlómítà. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, òkun wà, koríko wà, òkè wà, bí o bá gbójú sókè, o máa rí ilẹ̀ tí o dúró lé tó ń gun sánmà lọ. Ìwọ ni Master Chief, sójà tí wọ́n ti mú láti kékeré fún ogun jíjà, tó wọ ẹ̀wù irin aláwọ̀ ewé, tí ẹnikẹ́ni kì í rí ojú rẹ̀. Cortana, ọpọlọ ẹ̀rọ tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú akoto rẹ, ló ń júwe ọ̀nà, tó tún ń bú ọ díẹ̀díẹ̀. Ta ló kọ́ òrùka yẹn? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Mo dúró síbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o má wo fídíò kankan. Mo mọ̀ pé TikTok kì í jẹ́ kéèyàn sinmi, ṣùgbọ́n bí o bá ti rí akoto aláwọ̀ ewé yẹn, yáa fọwọ́ tì í kọjá. Bí ìtàn náà bá dé agbedeméjì, ẹ máa dé ilẹ̀ irà kan, ẹ máa wọ abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀kùn kan á sì ṣí. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí fún wa ní Mọ́kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ paná. Step-down kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá.

Ìwọ tó ń ta Call of Duty lórí fóònù tọ̀sán-tòru, o máa rò pé nǹkan ayé àtijọ́ ni mo ń pọ́n. Bí ọta bá bà ọ́ níbẹ̀, ṣebí o máa ń sá sẹ́yìn ògiri kí ara rẹ lè padà bọ̀ sípò? Halo ni ọ̀pọ̀ géèmù ìbọn ti rí ìyẹn kọ́. Ìbọn méjì péré tí o lè gbé lẹ́ẹ̀kan, Halo náà ló sọ ọ́ di àṣà. Ohun tí mi ò tíì rí kí wọ́n ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ níbòmíì ni ìwà àwọn ọ̀tá. Àwọn kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní Grunt. Bí o bá pa ọ̀gá wọn, àwọn gàgàrà tó ń jẹ́ Elite, ìyókù á ju ọwọ́ sókè, wọ́n á máa sá kiri pẹ̀lú igbe. Ẹ̀rín la máa ń rín títí a ó fi gbàgbé láti yìnbọn. Àwọn Elite fúnra wọn kì í dúró dè ọ́. Wọ́n á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí o bá ju bọ́ǹbù, wọ́n á fara pamọ́, wọ́n á gba ẹ̀yìn yọ sí ọ.

Ṣé gbogbo àtúnṣe wọn ló tẹ́ mi lọ́rùn? Rárá o. Wọ́n ní Master Chief á máa sáré báyìí. Ti àtijọ́ kì í sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé ogun kò ní tán kóun tó débẹ̀, ìrìn yẹn ni wọ́n sì fi wọn ìjìnnà gbogbo pápá. Bí a bá ti ń sáré, mo ń bẹ̀rù pé gbogbo nǹkan á kéré lójú. Wọ́n fi irú ìbọn mẹ́sàn-án láti inú àwọn Halo tó tẹ̀ lé e kún un, mo gbà. Wọ́n fi iṣẹ́ tuntun mẹ́ta kún un, tí Sergeant Johnson, sójà kan tó ń bá Master Chief jagun, wà nínú rẹ̀, tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìtàn náà: èyí dùn mọ́ mi gan-an, torí ibẹ̀ ni ìwọ àti èmi ti máa jọ jẹ́ àjèjì. Steve Downes àti Jen Taylor, àwọn tó ni ohùn Master Chief àti Cortana láti ìbẹ̀rẹ̀, tún padà wá sọ ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kan ń bínú pé kò sí ibi tí èèyàn á ti máa bá àjèjì jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pẹ̀lú irú dátà tá à ń rà níbí, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ohun tí mo fẹ́, wọ́n ti fi sí i: èèyàn méjì lórí tẹlifíṣọ̀n kan, tí ojú rẹ̀ á pín sí méjì. O lè má mọ̀ pé wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa rí. Halo 5 tó jáde ní 2015 kò ní in rárá. Ti Halo Infinite, wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún ìtàn inú rẹ̀, wọ́n sì fagi lé e ní 2022. Èmi ti mọ ìtàn yẹn dórí, mo mọ ẹ̀yìn òkúta tí Grunt kọ̀ọ̀kan ń sùn sí. Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni, n ò ní yọ owó lápò. Ojú rẹ ni mo fẹ́ máa wò nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí. Ìwọ ni wàá wa ọkọ̀ Warthog, èmi á wà lẹ́yìn nídìí ìbọn. Kìlọ̀ fún ara rẹ, ọkọ̀ yẹn máa ń dojú dé.

PS5 tòkunbọ̀ tí mo rà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, páàdì kejì ti wà, íńfátà á gbé wa dé ìdájí bí a ò bá tan fíríìjì. Nígbà tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde ní 2001, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n kọ sára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. O ti pé 17, ìyẹn ti parí. Màmá rẹ ló kù. Wọ́n ní àfi kí UI kọ́kọ́ gbà ọ́ kí o tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi. Mo ní bí géèmù bá wá ṣáájú UI dé ńkọ́? Wọn ò fèsì, wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ. Bá mi tún un sọ fún wọn ní ọjọ́ tí inú wọn bá dùn, kí o sì ti fọ abọ́ kí o tó lanu.

Èmi ni,
Bọ̀ọ̀dá rẹ ní Bódìjà