Lẹ́tà sí Àkànní, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ orin ní Oǹdó

Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àkànní ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nígbà tí o pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo sì gbọ́ èyí tí o kò lè sọ tán. O ní àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń tẹ dùùrù láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, pé ìka tìrẹ le bí igi nígbà tí tiwọn ń sáré, àti pé ẹnì kan tilẹ̀ bi ọ́ léèrè lójú agbo bóyá torí kí o lè máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ kékeré ni o ṣe fẹ́ fi ọdún mẹ́rin jókòó sí yunifásítì. O wá ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, bóyá kí o yí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ padà nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. N kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá ọ lóhùn. Èyí tí mo bá kọ sílẹ̀ ni o lè tún mú kà lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ bá tún rẹ̀wẹ̀sì.

Má yí i padà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun kan tí n kò sọ fún ọ rí.

Ní ọdún kẹta tí mo wọ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní orin tí wọn yóò kọ lọ́jọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ohùn rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù dọ́gba. Bí wọ́n bá gòkè, tirẹ̀ a máa dún nísàlẹ̀, gbùn-ùn, gbùn-ùn, bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò. Mo fi suuru ṣe é fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta mo ní, “Ìwọ, máa ya ẹnu rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ohùn jáde.” Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ ayẹyẹ náà, ó wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n lọ̀ tí ó dán, ó dúró ní ìlà iwájú, ó ń ya ẹnu, ó sì ń pa á dé. Ìyá rẹ̀ jókòó sí iwájú láàárín àwọn òbí, ó ń na ọrùn, ó ń yí etí sí ìhín sí ọ̀hún kí ó lè gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Mo rí i bí ó ti ń na ọrùn náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún nísinsìnyí, kò sì tíì kúrò lójú mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohùn àgbà ọkùnrin wà nísàlẹ̀ ohùn ọmọdé ní odidi do sí do, ìyẹn láti do ìsàlẹ̀ dé do òkè nínú do re mi fa so la ti do. Nígbà tí mo bá kọ orin náà fún wọn kí wọ́n lè gbè é, ohùn ọkùnrin mi ni mo fi ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà a sì fúnra wọn gbé e sókè sí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun wọn lè dé. Ti ọmọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí olùkọ́ rẹ̀ wà gan-an ni ó fẹ́ dé, ó sì ń tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè dé ibẹ̀. Èmi ni ó ń tẹ̀lé, Àkànní. Nínú gbogbo kíláàsì náà, òun ni ó fetí sí mi jù lọ, òun sì ni mo pa lẹ́nu mọ́.

Kò sí ẹni tí ó kọ́ mi ní èyí. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò àti bí a ṣe ń kọ́ni ní ìwé kíkà. Orin, wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kọ lè fi kọ́ni. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún bi ọ́ léèrè ohun tí ó yẹ ní kíkọ́ fún ọdún mẹ́rin nínú iṣẹ́ olùkọ́ orin fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rántí ọmọ yẹn. Wàá kọ́ pé tí ọkùnrin bá ń kọ́ ọmọdé, kí ó fi ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè kọ ọ́, tàbí kí ó ní kí ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ máa kọ ọ́ fún àwọn yòókù. Wàá kọ́ pé bí ọmọ kò bá lè wá sí ibi tí ohùn rẹ wà, ìwọ ni kí o lọ bá a ní ibi tí tirẹ̀ wà: kí o gba ohùn tí ó mú wá, kí ìwọ náà kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ kí etí rẹ̀ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí ohùn méjì bá di ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ máa gùn ún sókè díẹ̀díẹ̀. Ohùn méjì péré, so àti mi, tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́tí sí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ara wọn ṣeré ní àdúgbò, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn.

Zoltán Kodály, ọmọ ilẹ̀ Hungary tí ó gbé ayé láti 1882 sí 1967, fi ohùn méjì yìí ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ orin fún àwọn ọmọdé, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé orin ìbílẹ̀ tí ó wà ní èdè abínibí ọmọ ni kí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Wọn yóò kọ́ yín ní tirẹ̀, wọn yóò sì kọ́ yín ní ti Carl Orff ará Jámánì, tí ó fi àtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ títẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ṣáájú ohun èlò. Kọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń fi ọ rẹ́rìn-ín, bi í léèrè bóyá ó mọ ibi tí do re mi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa ń lò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti wá. Obìnrin kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ni ó pilẹ̀ ètò náà, kí àwọn ọmọ tí kò mọ ìlà márùn-ún tí a ń kọ àmì orin sí lè ka orin. Ní nǹkan bí 1840 ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ John Curwen gbà á, tí ó tún un ṣe, tí ó sì tàn án ká, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Inú kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti dùùrù, n kò ní tàn ọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láti kékeré yóò máa wà níwájú rẹ fún ìgbà díẹ̀, ẹkún kò sì lè dín in kù. Fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i lójoojúmọ́, ní àárọ̀ kùtùkùtù kí yàrá ìdánrawò tó kún. Má kó gbogbo rẹ̀ jọ di wákàtí mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, nítorí ìka kì í rántí ohun tí a fi ipá kọ́ ọ. Ohun tí wàá lò jù nínú kíláàsì ni kí o lè gbé orin kan náà kúrò ní kíì F lọ sí kíì D láìdúró rò ó, nítorí pé lọ́jọ́ tí ohùn àwọn ọmọ bá há, ìwọ ni o gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó mọ orin ńlá mẹ́wàá lórí ìka tí kò sì mọ èyí yóò rí ìṣòro níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Sì mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba tí wọ́n lè rán ọ lọ kò ní dùùrù, wọn kò sì ní iná láti fi tan kíbọ́ọ̀dù. Ohùn rẹ, ọwọ́ rẹ àti orí tábìlì ni wàá máa lò.

Orí tábìlì ni mo fi rí ọjọ́ tí ó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo ní ọmọ mọ́kànlélógójì nínú kíláàsì kìíní, òjò ń rọ̀, páànù ń pariwo, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Mo mú igi kékeré kan, mo fi lu orúkọ Kẹ́hìndé sórí tábìlì: mí dò mí. Ọmọ náà gbé orí sókè. Mo lu Táíwò: mí mí dò, èkejì rẹ̀ dìde dúró. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́ láti gbọ́ ẹni tí ó kàn. Mo wá lu dò dò mí, ọmọ méjì sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, Ìdòwú àti Àlàbá, olúkúlùkù ń sọ pé òun ni mo pè. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mi ò lè dájọ́ náà, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre! Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn mọ ohùn mẹ́ta yàtọ̀ sí ara wọn láìjẹ́ pé mo kọ nǹkan kan sójú pátákó. Èdè tí wọ́n mú wá láti ilé ti kọ́ wọn ní ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe gbé orin tí ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún ọmọdé. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko, tí orin sì fà á sísàlẹ̀, ó ti di ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọmọ náà yóò sì máa kọ ohun tí kò yé e. Àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí a túmọ̀ sórí ohùn orin òyìnbó kún fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn àgbà wa ti kíyè sí i. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù tí ó sì ṣe olórí orin ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1953, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Fela Ṣówándé, gbajúmọ̀ atẹ dùùrù àti olùdá orin, ti kọ́ orin nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Wá ìwé náà rí ní ilé ìkàwé yín.

Nígbà ọlidé, má jókòó sílé. Lọ sí Ẹdẹ tàbí Òṣogbo, wá ìdílé àyàn kan tí yóò gbà ọ́, kí o sì kọ́ bí a ṣe ń di gúdúgúdú mú kí o tó sọ pé o fẹ́ fi ìyáàlù sọ̀rọ̀. Lọ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ àti ohun ọwọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé tí o kà ti ga ju ìlù lọ, sọ fún un pé Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 sí 1975, fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé.

Àwọn nǹkan yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi orin sábẹ́ ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán yíyà àti eré, nítorí náà o gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí orin lè rí àkókò tirẹ̀ gbà. Tí o bá lọ fún T.P., ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé, kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, má dúró di àárọ̀. Ní kété tí o bá parí, ṣe ìdánwò TRCN, àjọ tí ń fi orúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí o sì gba ìwé àṣẹ rẹ. Ní ti owó, n kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Olùkọ́ ń jẹun láyé. Òfin tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2022 fún olùkọ́ láǹfààní láti ṣiṣẹ́ di ọmọ ọdún 65 tàbí kí ó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ilé ìwé aládàáni ní Ìbàdàn àti Èkó sì ń wá olùkọ́ orin tí ó mọ iṣẹ́. Tí wọ́n bá pè ọ́ láti wá tẹ kíbọ́ọ̀dù níbi ìnáwó ní òpin ọ̀sẹ̀, o lè lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ní àsìkò ìdánwò.

Mo fi irin ìpohùn mi ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí a ń gbá mọ́ orúnkún tí ó ń dún A, ìgbà 440 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Mo fi aṣọ dì í sáàárín gàárì tí màmá rẹ dì fún ọ, dírẹ́bà yóò sì pè ọ́ tí ó bá dé gáréèjì Oǹdó ní ọjọ́ Jímọ̀. Màmá rẹ kí ọ, ó ní kí o má máa fi ebi sùn. Tí o bá gbá irin náà, gbé e sẹ́bàá etí, kí o fi ohùn fẹ́lẹ́ kọ ọ́, lókè, níbi tí ọmọdé lè dé. Pè mí tí o bá ti rí i gbà, kí n gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.