Ohun tí ó so ọkọ̀ ojú irin pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi láàárín ogun àgbáyé méjèèjì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Mo ka apá kìíní àpilẹ̀kọ yín lórí bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi la òkun kọjá láàárín ọdún 1918 sí ọdún 1939, inú mi sì dùn pé ẹ fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ìparí, mo rí i pé àga onítìmùtìmù, oúnjẹ aládùn àti ọtí olówó gọbọi ni ó gba ojú ìwé náà tán. Mo fẹ́ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni iyì ìrìn àjò yẹn wà. Ohun tí ó tóbi nínú rẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fohùn ṣọ̀kan débi pé ènìyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí ọkọ̀ ojú irin gbé e dé etí òkun, kí ọkọ̀ ojú omi ti máa dúró dè é níbẹ̀, kí ọkọ̀ ojú irin mìíràn sì ti wà ní sẹpẹ́ ní òdìkejì. Ìfohùnṣọ̀kan yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ burúkú dé, òun ni ó gba ẹ̀mí là.

N kò sọ pé kí a má dárúkọ Golden Arrow, ọkọ̀ ojú irin olówó ńlá tí ó wà fún ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù sí Paris. Ní ọdún 1926 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Flèche d'Or láàárín Calais àti Paris, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1929 ni ilé iṣẹ́ Southern Railway sì gbé tiwọn jáde láti ibùdókọ̀ Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Dover. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọkọ̀ náà ń gbéra. Bí ó bá dé Dover, àwọn èrò a wọ ọkọ̀ ojú omi tuntun tí wọ́n sọ ní Canterbury lọ sí Calais, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò sì gúnlẹ̀ sí Paris. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà mẹ́nu bà ni bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrù. Ẹni tí ó bá fi àpótí rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ rélùwéè lọ́wọ́ ní Victoria kò tún ní fojú kàn án mọ́ títí yóò fi dé Paris, nítorí pé inú àpótí ràgàjì kan ni wọ́n ń kó gbogbo irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí. Wọn a tì í pa, wọn a gbé e lé orí ọkọ̀ ojú irin, bí ó bá sì dé etí omi, ẹ̀rọ a gbé odidi àpótí náà sókè, a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú ẹrù kankan. Bí àwọn ọkọ̀ òkun òde òní ṣe ń kó kọ̀ǹténà gan-an nìyẹn, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú kí kọ̀ǹténà tó gbilẹ̀ káàkiri ayé. Lójú tèmi, àpótí yẹn níyì ju gbogbo àga inú ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, àwọn olówó tí ó lè san owó ọkọ̀ náà dín kù, wọ́n sì ní láti so àwọn kóòṣì tí kì í ṣe ti olówó ńlá mọ́ ọn. Ọlá rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ tí ó le jù nínú gbogbo rẹ̀, tí àpilẹ̀kọ yín kò sì kàn rárá, ìyẹn bí ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ṣe di ohun tí ó ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Àrà yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1850 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé kóòṣì akẹ́rù kọjá ẹnu odò Forth ní Scotland. Àwọn ará Dẹ́nmákì náà ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láàárín Nyborg àti Korsør ní ọdún 1883, nígbà tí ó sì di oṣù Keje ọdún 1909, Swídìnì àti Jámánì ti jọ ṣí ọ̀nà Trelleborg sí Sassnitz, tí ó gùn ju kìlómítà 100 lọ, tí ọkọ̀ sì ń fi nǹkan bí wákàtí mẹ́rin là kọjá. Kí ló wá dé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, tí òkun tí ó là wọ́n láàárín kò ju nǹkan bí kìlómítà 33 lọ níbi tí ó ti tóóró jù, fi dúró di ọdún 1936 kí èrò tó lè sùn nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó sì jí sí Paris?

Bí omi òkun ṣe ń kún tí ó sì ń fà ni ó dá wọn dúró jù. Òkun Baltic, tí ó wà láàárín Swídìnì àti Jámánì, kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fà, nítorí náà afárá kékeré kan ti tó láti so ojú irin orí ilẹ̀ mọ́ èyí tí ó wà nínú ọkọ̀. Ti Dover kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láàárín wákàtí díẹ̀, omi ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ tó mítà 6 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi a sì máa bá a lọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò yí kóòṣì tí èrò ń sùn sí gba orí irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n ti ń gbé ẹrù kọjá: nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọdún 1918, wọ́n ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó ìbọn ńlá àti ọkọ̀ ogun láti Richborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Faransé, nígbà tí ó sì di ọdún 1924, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sí Harwich, èbúté mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè máa kó ẹrù ọjà lọ sí Zeebrugge ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àmọ́ ẹrù kì í jí lójú oorun.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ní Dover ni pé wọ́n kọ́ ibùdó olódi kan tí ó ní ilẹ̀kùn ńlá ní ẹnu. Ọkọ̀ ojú omi a wọlé, wọn a gbé ilẹ̀kùn náà dìde láti ìsàlẹ̀ omi kí ó lè sé ẹnu ibùdó, àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí omi inú ibùdó yóò fi dé ìwọ̀n tí ojú irin inú ọkọ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ti orí ilẹ̀. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kíkọ́ rẹ̀ fojú àwọn oníṣẹ́ rí màbo. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò ni pé kí wọ́n sé omi, kí wọ́n fà á gbẹ, kí wọ́n sì kọ́ ibùdó náà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Òkúta ẹfun ni ilẹ̀ Dover, ó sì lanu káàkiri; bí wọ́n ṣe ń fa omi jáde ni òmíràn ń gba inú ìlanu náà wọlé. Nígbẹ̀yìn, abẹ́ omi ni àwọn amòòkùn ti parí iṣẹ́ náà. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kàn fún ọ̀nà yìí ní Newcastle, tí wọ́n sọ ní Twickenham Ferry, Hampton Ferry àti Shepperton Ferry, ti délẹ̀ ṣáájú kí ibùdó náà tó parí, wọ́n sì ní láti so wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n máa retí rẹ̀. Ó dùn mí pé ìtàn kì í sábà dárúkọ amòòkùn kan nínú wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1936 ni Night Ferry, ọkọ̀ ojú irin alẹ́ tí ó ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi yìí, kọ́kọ́ gbé èrò kúrò ní Victoria. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni ó ń gbéra, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ó sì ń wọ Paris, ó ń gba Dover àti Dunkirk ní Faransé kọjá. Wọ́n ní láti kan àwọn kóòṣì oníbùsùn tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbú ojú irin ilẹ̀ méjèèjì dọ́gba, àwọn afárá àti ihò abẹ́ òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba kóòṣì Yúróòpù tí ó fẹ̀ tí ó sì ga. Ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan lè gba 12 nínú irú kóòṣì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pín wọn sí apá ọ̀tún àti apá òsì kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì ń fi ṣẹ́ẹ̀nì dè wọ́n mọ́lẹ̀ gírígírí, débi pé bí oorun kò bá wọra, ariwo ṣẹ́ẹ̀nì yẹn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún èrò pé ó ti kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ogun ni ó fòpin sí ọkọ̀ yìí. Ogun dá a dúró ní ọdún 1939 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ó sì ń lọ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1980.

Ìṣòro mìíràn wà tí kì í ṣe ti omi tàbí ti irin. Aago ilẹ̀ Nẹ́dálándì ìgbà yẹn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú ogún ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù, ti Jámánì sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá gba Harwich àti Hook of Holland, èbúté kan ní Nẹ́dálándì, lọ sí Berlin yóò yí aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Nẹ́dálándì tún máa ń ti aago síwájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Jámánì kò sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ń ṣètò àkókò ọkọ̀ mú gbogbo rẹ̀ bára mu. Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Ṣáájú ọdún 1914, ènìyàn lè lọ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Paris láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Ogun ni ó sọ ọ́ di dandan, kò sì kúrò nílẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1920, ìpàdé tí Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè (League of Nations) pè ní Paris fẹnu kò lórí irú ìwé ìrìnnà kan náà, olójú ewé 32. Bí ọ̀nà ṣe ń já gaara sí i ni ẹnubodè ń le sí i, àwọn tí kò sì ní orílẹ̀-èdè tí yóò fún wọn níwèé ni ìyà rẹ̀ jẹ jù.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lẹ́yìn ìkọlù tí àwọn Násì, ẹgbẹ́ Hitler, ṣe sí àwọn Júù jákèjádò Jámánì ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé kí àwọn ọmọdé wọlé láìsí òbí wọn. Ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀ tí ó lè gbé wọn ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin dé Hook of Holland àti ọkọ̀ ojú omi dé Harwich. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ tí ń jẹ́ Prague kó àwọn àkọ́kọ́ wọn gúnlẹ̀, àwọn ọmọ tí ó tó nǹkan bí 200, tí wọ́n gbéra láti Berlin. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, obìnrin ará Nẹ́dálándì kan, Geertruida Wijsmuller, lọ bá Adolf Eichmann, òṣìṣẹ́ Násì tí ó wà nídìí lílé àwọn Júù jáde, ní Vienna láti tọrọ àwọn ọmọ. Eichmann ní kí ó kó 600 lọ, ó sì fún un ní ọjọ́ tí kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó tún mú ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù pé kí wọ́n gbéra. Obìnrin náà kó wọn. Ẹ rò ó wò: kí a wá ọkọ̀ ojú irin láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí a bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀, kí a wá ibùsùn fún àwọn ọmọ ní òdìkejì, nígbà tí àwọn òbí ṣì ń to aṣọ sínú àpótí kékeré. Bí kì í bá ṣe pé ètò ti wà nílẹ̀ fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé Hook of Holland mọ bí a ṣe ń gba èrò ọkọ̀ ojú irin sínú ọkọ̀ ojú omi lóròòru, bóyá ni ìgboyà obìnrin yẹn ì bá tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé nọ́ńbà kọ́ ọrùn. Owó máàkì 10 péré ni wọ́n gbà kí wọ́n mú jáde. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kọjá ẹnubodè Nẹ́dálándì, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa dúró dè wọ́n pẹ̀lú kòkó gbígbóná àti búrẹ́dì funfun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni kò sì gbàgbé búrẹ́dì yẹn títí wọ́n fi dàgbà. Ní òwúrọ̀ wọn a gúnlẹ̀ sí Harwich, ọkọ̀ ojú irin a sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí ibùdókọ̀ Liverpool Street ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn tí yóò gbà wọ́n tọ́ ti ń retí wọn. Nígbà tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, wọ́n ti tó nǹkan bí 10,000. Ọ̀pọ̀ wọn kò tún rí òbí wọn mọ́.

Ẹ ti ṣèlérí apá kejì àpilẹ̀kọ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó kan ọ̀nà Harwich, kí ẹ sì tẹ àwòrán àwọn ère ọmọdé tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Liverpool Street àti ní Hook of Holland, nítorí pé àwọn náà jẹ́ èrò ọkọ̀ bíi ti àwọn tí ẹ kọ nípa wọn, wọ́n sì ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́.