Ráfíà, wọ́n ti na Bọ̀dá Sùlé o

Ráfíà mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Montréal? Òtútù yẹn ò tíì gbé ẹ mì? Ní Kétu níbí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti gbówó lórí, ìyá Sikírù ti kó lọ sí Pọ́bẹ̀, ó parí.

Wọ́n na Bọ̀dá Sùlé ní ilé ìwòsàn wa. Bọ̀dá Sùlé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn náà, tí kì í bínú! Lóru ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ọ̀kadà zẹ́mì gbé ọkùnrin kan wá, ara ẹ̀ ń jó bí iná, ó ń ṣèrànrán, àwọn èèyàn ẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà, a fún wọn níwèé oògùn pé kí wọ́n lọ rà á wá, wọ́n ní ṣé tówó ò bá sí kó kú ni, kò sì sẹ́ni tó ráyè dá wọn lóhùn. Mo rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, tó di ẹ̀ṣẹ́, mo ti mọ̀ pé wàhálà dé. Àfi bí aláìsàn ṣe já omi apá ẹ̀, ó fa irin tá a fi kọ́ omi, ó là á mọ́ Bọ̀dá Sùlé lórí. Ẹ̀gbọ́n náà tún fi ìgbájú lé e! Ìgbájú yẹn ló dùn mí jù, torí aláìsàn ò mọ nǹkan tó ń ṣe, ibà ti wọ ọpọlọ ẹ̀, ṣúgà ẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo takété, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo bá mi sọ̀rọ̀, bó o ṣe máa ń wí. Àwọn kan fẹ́ dojú ẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n jókòó lé e lẹ́yìn, mo pariwo pé kò ní lè mí!

Dókítà àgbà ní ká fara dà á, iṣẹ́ wa nìyẹn. Iṣẹ́ wa kẹ̀? WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní nínú 100 òṣìṣẹ́ ìlera, 8 sí 38 ni wọ́n máa ń lù nígbà kan lẹ́nu iṣẹ́, ṣé ìjàkadì la lọ kọ́ ni?

Wọ́n fá orí Bọ̀dá Sùlé kí wọ́n tó rán an, ó ní òun ti rí onígbàjámọ̀ ọ̀fẹ́. A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ tí zẹ́mì bá ti dúró lóru báyìí, àyà mi á já. Má sọ fún màmá mi o.

Jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n kọ́ yín lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ ṣe ń to bẹ́ẹ̀dì kí òṣìṣẹ́ má bàa há sí kọ̀rọ̀, bẹ́ẹ ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìjà sílẹ̀, fi ohùn sọ ọ́ sórí WhatsApp. Mo fẹ́ kí wọ́n fún wa lẹ́nì kan lóru tó máa máa bá àwọn ará ilé aláìsàn sọ̀rọ̀. Témi bá sọ ọ́, dókítà á ní ojo ni mí, tó bá ti Kánádà wá, á gbọ́. Kó tó di Jímọ̀ o, èmi ni mo ni iṣẹ́ òru.

Èmi ni,
Sáfú