Mósà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa: lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. O ní kí n kọ bí a ṣe ń ṣe mósà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé sílẹ̀ fún ọ, torí èyí tí o dá ṣe ní London mu òróró, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ò sì jinná. Fara balẹ̀ ka èyí kó o tó tan iná. Ohun tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ọ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń pàṣẹ nínú mósà. Fúláwà kàn ń dì í mú ni. Ṣúgà ò tiẹ̀ sí nínú tiwa rárá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọn fúláwà sílẹ̀, tó wá ń wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ fi sí i, pọfupọ́ọ̀fù ló ń ṣe. Bí o bá sì rí máásà tí àwọn Hausa ń fi ìrẹsì ṣe, má rò pé ohun kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn jọra.

Àgbagbà la fi ń ṣe é. Èyí tó dára fún dòdò kò tíì dára fún mósà. Ti dòdò, èèpo rẹ̀ á ti pọ́n, á ní àmì dúdú káàkiri, ṣùgbọ́n á ṣì le lábẹ́ ọ̀bẹ. Ti mósà gbọ́dọ̀ ti dúdú ju ìdajì lọ, kó rọ̀ láti ìdí dé ọrùn, kí àtàǹpàkò rẹ rì díẹ̀ níbi tó o bá tẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń pọ́n ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Bí o bá lo èyí tí kò tíì dé ibẹ̀, mósà rẹ á tẹ́ lẹ́nu, á sì le. Má sọ pé o máa fi ṣúgà tún un ṣe o. Ṣúgà tí a bù sí i máa ń jóná nínú òróró kí inú tó jinná, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ ni dúdú tìrẹ ti wá.

Ohun kan wà tó máa ń tan ẹni tó ń gbé ìlú òtútù jẹ. Bí o bá ra àgbagbà ní Peckham, ní London níbẹ̀, tó o gbé e sínú fíríìjì, èèpo rẹ̀ á dúdú láàárín ọjọ́ mélòó kan, wàá sì rò pé ó ti dẹ̀. Òtútù ló pa èèpo yẹn. Bó o, wàá rí i pé inú rẹ̀ ṣì funfun, ó sì le. Orí tábìlì ni kó o fi í sí, nínú àpò bébà, pẹ̀lú ápù kan tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso tó ti pọ́n máa ń mú kí èyí tó kù yára pọ́n. Nígbà òtútù ó lè gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní sùúrù. Bó bá wá dẹ̀ tán tí o ò sì ráyè, bó o, kó o gbé e sínú fìríìsà. Lọ́jọ́ tó bá yọ́, omi á sun jáde lára rẹ̀. Má da omi yẹn nù, adùn wà nínú rẹ̀. Òun ni kó o lò dípò omi tí mo máa dárúkọ níwájú.

Dúdú yàtọ̀ sí bíbàjẹ́ ṣá o. Bí èèpo bá ti là tí omi ń ṣẹ́ níbẹ̀, bó bá ti bu funfun nídìí, tàbí tó ń rùn bí ẹmu tó ti kan, sọ ọ́ nù.

Ó kan wíwọ̀n. Bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, yọ àwọn okùn gígùn tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, kó o tó gbé e lé òṣùwọ̀n. Àgbagbà ńlá 2 tí a ti bó sábà máa ń tó 400 gíráàmù. Fún 400 gíráàmù yìí, 150 gíráàmù fúláwà lo máa lò, ṣíbí tíì kan yíìsì gbígbẹ, ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀, ata gígún bíńtín tí ìka méjì lè mú, àti ṣíbí ìjẹun 4 omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Yíìsì inú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa ń jẹ́ 7 gíráàmù, nítorí náà ìdajì rẹ̀ ti tó. Má bẹ̀rù ata yẹn. Kò ní ta ọ́ lẹ́nu, ṣe ló máa gbé adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde. Kò sí ẹyin nínú tiwa. Ẹyin máa ń sọ ọ́ di kéèkì.

Fúláwà tí wọ́n kọ plain sí lára ni kó o rà. Èyí tí wọ́n kọ self-raising sí ti ní ohun tó ń mú nǹkan wú nínú tẹ́lẹ̀. Bí o bá tún fi yíìsì kún un, mósà á fẹ̀ jù, ara rẹ̀ á dà bíi kànrìnkànrìn, gbogbo ihò ara rẹ̀ á sì máa fa òróró mu.

Bí àgbagbà bá wọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣeé lò, àmọ́ ìwọ̀n á yí padà, torí omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àgbagbà lọ. Fún 400 gíráàmù rẹ̀, ìyẹn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lo 200 gíráàmù fúláwà àti ṣíbí ìjẹun 2 omi péré. Ó máa ń dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń tètè pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún kéré sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni, ìdajì àgbagbà, ìdajì wẹ́wẹ́ ni mo máa ṣe, pẹ̀lú 175 gíráàmù fúláwà àti ṣíbí 3 omi.

Má fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ máa ń lọ̀ ọ́ kúnná títí á fi máa yọ̀ bí ilá, mósà á sì wúwo. Fọ́ọ̀kì ni kó o fi tẹ̀ ẹ́ nínú abọ́, tàbí kó o gún un díẹ̀ bó o bá ní odó kékeré. Jẹ́ kí èérún rẹ̀ tó tóbi bí ọkà bàbà ṣì kù nínú rẹ̀. Àwọn ni wàá máa kàn nínú mósà bí oyin.

Tú yíìsì sínú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ náà, kó o fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi tí ìka rẹ lè wà nínú rẹ̀ láìjó ọ ni mo wí. Omi gbígbóná ń pa yíìsì. Bí kò bá hó fùkẹ̀ lójú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, yíìsì ti kú, má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ ṣòfò lórí ẹ̀. Bó bá hó, dà á sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, da fúláwà, iyọ̀ àti ata lé e, kó o yí i pọ̀. Ibi tó o bá ti rí i pé fúláwà gbígbẹ kò hàn mọ́ ni kó o ti dáwọ́ dúró. Má rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Bí o bá ṣe ń rò ó ni fúláwà á ṣe máa fà, mósà tó bá sì fà ní í máa le lẹ́nu bíi rọ́bà nígbà tó bá tutù.

Láti mọ̀ bóyá ó ki tó, bu ṣíbí kan, kó o dojú ṣíbí náà délẹ̀. Ó yẹ kó rọra yọ̀ bọ́ ní odindi. Bó bá ṣàn bí ògì, fi ṣíbí fúláwà kan kún un. Bó bá lẹ̀ mọ́ ṣíbí bí iyán, ta omi díẹ̀ sí i.

Bò ó, kó o gbé e síbi tó móoru fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Nínú òtútù yẹn, gbé e sínú ófùn tí o ò tan, àyàfi gílóòbù inú rẹ̀ nìkan. Ó ti wú tó nígbà tó bá di ìlọ́po méjì tí ihò wẹ́wẹ́ sì hàn lójú rẹ̀. Má jẹ́ kó kọjá wákàtí 2, ó máa kan. Lẹ́yìn tó bá ti wú, má rò ó mọ́, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lo máa lé jáde.

Òróró wá kù. Lítà kan, nínú ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 4, ó sì ti tó kí mósà léfòó. Òróró ò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò. Bí o bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, dígírì Celsius 165 ni kó o dúró sí, tàbí 160 fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Iná àkàrà pọ̀ jù fún mósà. Bí o ò bá ní in, kán bíńtín nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o ti pò náà sínú òróró: ó yẹ kó lọ sísàlẹ̀, kó hó yí ara rẹ̀ ká, kó sì léfòó lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bó bá jókòó sísàlẹ̀, òróró ò tíì gbóná, á kàn máa mu ún ni. Bó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, dín iná kù. Sítóòfù oníná mànàmáná ti ibẹ̀ kì í tètè tutù bíi gáàsì, nítorí náà kí òróró tó dé ibi tó o fẹ́ ni kó o ti dín in kù.

Ọwọ́ ló ń mú kó rí róbótó. Ti ọwọ́ rẹ bọ omi, kó o gbọn omi náà nù dáadáa kó má bàa ta sínú òróró. Bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó o ti pò náà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, rọra di ìkúùkù, kó yọ jáde láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, tó bí awùsá. Sún ọwọ́ mọ́ òróró kó o tó fi àtàǹpàkò já a, torí láti òkè ni òróró ti ń ta síni lára. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, lo ṣíbí méjì. Á yọ ìrù díẹ̀, kò sí láburú níbẹ̀. Mẹ́fà tàbí méje ni kó o dà sí i lẹ́ẹ̀kan. Bó bá pọ̀ jù, ooru òróró á wálẹ̀, mósà á sì mu ún. Yí i padà bí abẹ́ bá ti pọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú 4 á ti pọ́n bíi dòdò tó jinná. Kó àkọ́kọ́ jáde, kó o là á sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀ bí ògì, bóyá ó tóbi jù tàbí iná pọ̀ jù. Tún èyí ṣe kó o tó dín ìyókù.

Fi ṣíbí oníhò kó èérún tó bá já sínú òróró lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí àwọn ló ń jóná tí òróró fi ń korò. Orí asẹ́ ni kó o da mósà sí kó gbẹ. Má dé e nígbà tó ṣì gbóná, oru á sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di rírọ̀.

Má kúrò nídìí òróró láti dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bó bá gbaná, má da omi sí i, má sì gbé ìkòkò náà rìn. Pa sítóòfù, kó o fi ọmọrí dé e bó bá ṣeé ṣe láìjó ọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jáde, kó o pe àwọn panápaná ní 999. Òróró tó bá tutù, fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò. O lè tún lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Má dà á sínú kòtò abọ́ fífọ̀, ó máa ń dì níbẹ̀.

Tó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, inú ófùn ni kó o ti yá a, dígírì 180 fún ìṣẹ́jú 5.

Lọ́jọ́ tó o bá ṣe é, la ọ̀kan sí méjì, kó o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Inú rẹ̀ ni kó o yà, ẹ̀yìn rẹ̀ ò lè sọ fún mi bóyá ó jinná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ