Ọ̀rọ̀ páìpù òjé ní Chicago: ìlú ni kó pààrọ̀ rẹ̀ látojú títì dé inú ilé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Chicago, tí omi tí wọ́n ń mu ń gba inú páìpù òjé (irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead) kọjá kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ni mo ṣe kọ ìwé yìí. Nǹkan bí 400,000 irú páìpù bẹ́ẹ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí, kò sì sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi àwọn onílé kọ́, nítorí òfin ìlú Chicago fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ pé òjé ni kí wọ́n fi so ilé kéékèèké mọ́ páìpù ńlá ojú títì, àṣẹ náà kò sì yẹ̀ títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de páìpù òjé tuntun ní 1986.

Ohun tó ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn jù lójú tèmi ni bí wọ́n ṣe pín páìpù kan ṣoṣo fún ẹni méjì. Láti abẹ́ títì dé ibi tí wọ́n ti ń ti omi pa lẹ́bàá ọ̀nà, ti ìlú ni. Láti ibẹ̀ wọlé, ti onílé ni. Omi kò mọ ààlà yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìlú kan bá ń tún títì ṣe, apá tirẹ̀ nìkan ni yóò pààrọ̀, yóò sì fi ti onílé sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Irú iṣẹ́ ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu, torí pé gígé tí wọ́n gé páìpù náà máa ń mi ìpẹ́pẹ́ òjé inú rẹ̀ sínú omi, àti pé níbi tí wọ́n bá ti so bàbà tuntun mọ́ òjé àtijọ́, òjé náà a tètè máa jẹrà. Òfin tí ìpínlẹ̀ Illinois ṣe ní 2021 ti fòpin sí àṣà yìí, mo sì gbóṣùbà fún wọn, ṣùgbọ́n ìnáwó ṣì wà níbẹ̀, torí pé iṣẹ́ ilé kan lè gbà ju 20,000 dọ́là lọ. Ìjọba àpapọ̀ sọ ní 2024 pé kí ọ̀pọ̀ ìlú parí iṣẹ́ wọn láàárín ọdún mẹ́wàá. Ètò tí Chicago gbé kalẹ̀ fi òpin tirẹ̀ sí 2076. Ọmọ tí a bí lónìí yóò ti tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Bẹ́ẹ̀ Newark ní New Jersey ti fi hàn pé kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2019, ìjọba ìbílẹ̀ Essex bá wọn yá 120 mílíọ̀nù dọ́là, ìlú náà sì ṣòfin pé àwọn òṣìṣẹ́ lè wọlé ṣiṣẹ́ bí wọn kò tilẹ̀ rí onílé, nítorí pé ayálégbé ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn onílé kan kò sì sí nítòsí. Páìpù tó lé ní 23,000 ni wọ́n pààrọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, onílé kankan kò sì san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ náà kò mọ́ tónítóní o: ní 2024 wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀gá ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan àti alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n fi òjé sílẹ̀ nínú ilẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti yọ ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí aṣojú ìlú wo inú kòtò kí wọ́n tó bò ó.

Àwọn kan ń sọ pé èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tó ń bo inú páìpù kí òjé má bàa yọ́ wọ inú omi, ti tó. Ẹ wo Flint ní Michigan. Ní 2014 ni wọ́n kúrò lórí omi Detroit bọ́ sórí omi odò Flint láìfi èròjà ìdáàbòbò kankan sí i, ohun tó bo inú páìpù ṣí kúrò, òjé sì wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá gbójú lé èròjà nìkan ti gbójú lé e pé aláṣẹ kankan kò ní ṣìṣe láéláé.

Òjé kì í ṣe àjèjì sí ilé tiwa náà. Ní 2011, òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tó wá láti ìdílé Nàìjíríà ní Boston, tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni àyẹ̀wò sì tọ́ka sí. Àwọn ìyá tó ti jáwọ́ nínú tìróò tún lè máa fi omi ẹ̀rọ po mílíìkì ọmọ. Síse omi kò mú òjé kúrò. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i. Omi tútù tó ti gba inú asẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún òjé kọjá ni kí wọ́n lò.

Mo rọ àwọn aṣòfin ìlú Chicago kí wọ́n ṣe irú òfin ti Newark, kí ìlú sì san owó iṣẹ́ náà tán. Mo sì bẹ àwọn èèyàn wa tó nílé tí wọ́n fi ń háyà: bí ìwé ìyọ̀ǹda láti pààrọ̀ páìpù bá dé, ẹ má ṣe jù ú sápá kan bí ìwé ìpolówó, ẹ fọwọ́ sí i. Ayálégbé tí kò mọ irú páìpù tó wọ ilé rẹ̀ lè pe 311, nọ́ńbà tẹlifóònù ìjọba ìlú, kí wọ́n fi ohun èlò àyẹ̀wò omi ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Chicago