Ara Ti Dé, Ọkàn Ṣì Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì tí lẹ́tà rẹ ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Jọ̀wọ́, má bínú. Mi ò gbàgbé rẹ. Ìbéèrè kan tí o bi mí ní ìparí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè dáhùn. O ní, "Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ara rẹ ti bọ̀ sípò. Orí rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń ronú bíi tìẹ?" Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́sibítù tí wọ́n ti tọ́jú anorexia mi, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀, ìwọ nìkan ló bi mí bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "O ti sanra o, a dúpẹ́," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn a máa gún mi láyà, torí pé ara tí wọ́n ń wò yẹn kọ́ ni ojú ìjà náà gan-an.

Jẹ́ kí n gbìyànjú láti dá ọ lóhùn dáadáa.

O rántí bí mo ṣe máa ń ka ìwé nígbà tí àìsàn náà le. Màá jókòó ti ojú ewé kan, màá kà á dé ìsàlẹ̀, màá tún padà sókè torí kò sí nǹkan kan tó dúró nínú iyè mi. Oúnjẹ ló kún ibẹ̀: ohun tí mo jẹ, ohun tí n kò jẹ, ohun tí màá sá fún lọ́la. Àwọn ènìyàn rò pé oúnjẹ kò wù mí ni. Orúkọ àìsàn náà wà lára ohun tó fà á. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Gull, ló sọ ọ́ ní anorexia nervosa ní 1873, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní èdè Gíríìkì sì ni kí oúnjẹ má wu ènìyàn. Orúkọ náà kò bá a mu rárá. Oúnjẹ wù mí débi pé mi ò rí nǹkan mìíràn rò. Ebi ń pa mí, ẹ̀rù oúnjẹ sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, láti òwúrọ̀ títí di òru. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, àfi bíi pé wọ́n kàn ń fi dá ènìyàn lára yá. Ọdún wọ̀nyẹn ni mo tó mọ̀ pé bó ṣe rí gan-an ni wọ́n sọ ọ́.

Olùtọ́jú mi sọ fún mi nípa ìwádìí kan, mo sì wá a kà fúnra mi nígbà tí mo ti lè kàwé. Ní 1944 sí 1945, bí Ogun Àgbáyé Kejì ṣe ń parí lọ, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà gba ọ̀dọ́mọkùnrin 36 tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn. Tìfẹ́tìfẹ́ làwọn yẹn gbà kí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí ayé lè mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti hàn léèmọ̀. Ara wọn le, orí wọn pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ebi ti wọ̀ wọ́n lára, ẹni tí kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ ìdáná rí bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìtàn. Wọ́n ń jẹun bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán, wọ́n ń lá àwo. Ara ń kan wọ́n, wọn kò fẹ́ bá ènìyàn ṣeré mọ́. Wọ́n ní ọkàn àwọn kò pa pọ̀, pé àwọn kò lè ronú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìdánwò yẹ ọgbọ́n wọn wò, ọgbọ́n wọn kò dín.

Ibi tí mo ti sunkún nìyẹn. Ohun tó ṣe èmi náà gan-an nìyẹn: ọgbọ́n wà nílẹ̀, kò rí àyè jókòó ni. Àti pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti ń pè ní ìwà burúkú mi fún ọdún mẹ́fà, ìbínú òjijì, bí mo ṣe ń ti ara mi mọ́lé, bí mo ṣe ń sá fún ìwọ pàápàá, ebi ló ń hù ú. Ó hù ú lára àwọn ọkùnrin tí kò ní àìsàn mi.

Dókítà ṣàlàyé èyí tó jẹ́ ti ara fún mi. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń lò. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, ọpọlọ fúnra rẹ̀ a máa sún kì. Wọ́n ń rí i nínú àwòrán tí ẹ̀rọ MRI ń yà. Bí ìwọ̀n ara bá padà, tó sì dúró, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa kún padà. Mo bi í pé ìgbà wo. Ó ní ká fi oṣù kà á, ká má fi ọjọ́ kà á.

Mi ò tíì sọ fún ọ nípa ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ó ti ń padà. Mo gbé omi ìwẹ̀ kaná láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo mú ìwé kan láti fi dúró dè é. Òórùn irin tó ń jóná ló gbé mi dìde. Omi ti gbẹ tán, ìdí ìkòkò ti dúdú. Mo wo aago, ó ti lé ní wákàtí kan. Mo wo ìwé, mo ti ka ojú ewé mọ́kànlélógójì, mo sì lè ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ. Láàárín àkókò yẹn, mi ò ronú oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mi ò lè gbàgbé ohunkóhun tó wà lórí iná fún gbogbo ọdún yẹn! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi àkísà di ìkòkò gbígbóná náà mú, mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́. Ìkòkò náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò fọ dúdú ìdí rẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n "bíi tìẹ" lo kọ sínú lẹ́tà rẹ, ibẹ̀ ló sì ti le jù láti dáhùn. Báwo ni tèmi ṣe rí?

Nígbà tí ìwọ̀n ara mi ti dúró fún bí oṣù mẹ́rin, olùtọ́jú mi gbé bébà kan síwájú mi. Ilà lásán ló wà nínú rẹ̀, kò jọ ohunkóhun tí ènìyàn mọ̀: onígun mẹ́rin gbọọrọ ńlá kan, ilà tó dá a kọjá láti igun dé igun, àgbélébùú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilà wẹ́wẹ́ káàkiri, àti nǹkan roboto kékeré kan tó ní àmì mẹ́ta nínú, bí ẹni fi orí bírò tọ́ bébà. André Rey, ará Switzerland, ló gbé e jáde ní 1941 fún yíyẹ ọpọlọ wò. Olùtọ́jú mi ní kí n wò ó yà sórí bébà mìíràn. Ṣé o mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀? Roboto kékeré yẹn. Mo yà á, mo tẹ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó lè ká dáadáa. Mo wọn àyè àárín àmì mẹ́ta náà pẹ̀lú ojú kó lè dọ́gba. Láti ibẹ̀ mo bọ́ sórí ilà wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀, mo kà wọ́n, mo tún wọn kà. Onígun mẹ́rin ńlá tí gbogbo wọn so mọ́, ìgbẹ̀yìn ni mo kàn án, bébà kò sì gbà á mọ́. Olùtọ́jú mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Wo ibi tí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ." Lẹ́yìn náà ó gba bébà méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n tún un yà láti inú orí. Roboto àti àmì mẹ́ta rẹ̀ pé pérépéré. Àwọn yòókù fọ́n káàkiri bí ẹrù tó já lórí.

Lọ́jọ́ mìíràn, káàdì ni, àwòrán orí wọn yàtọ̀ ní àwọ̀, ní ìrísí àti ní iye. Wọ́n á ní kí o tò wọ́n, wọn kò ní sọ òfin rẹ̀ fún ọ. "Ó tọ́" tàbí "kò tọ́" nìkan ni wàá máa gbọ́. Mo rí i pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń tò ó, mo ń gbà á lọ geere. Bí mo ṣe gbà á mẹ́wàá léraléra ni òfin yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Mo ń gbọ́ "kò tọ́, kò tọ́," ọwọ́ mi sì ń tò ó ní àwọ̀ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò tọ́ mọ́. Ọwọ́ ni kò gbọ́.

Ní King's College, yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí Kate Tchanturia àti Janet Treasure ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ohun méjì yìí: kó ṣòro fún ọkàn láti kúrò lórí ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, àti kí ojú máa rí wínníwínní nǹkan ṣáájú odidi rẹ̀. Wọ́n rí i lára àwọn tí àìsàn náà ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lára àwọn tó ti gbádùn. Wọ́n sì rí i lára àwọn ọmọ ìyá wọn obìnrin tí àìsàn náà kò ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí mú mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹn ni pé ebi nìkan kọ́ ló fà á. Mo rántí ara mi ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí mo ń fa odidi ojú ewé ya nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó wọ́. Àìsàn náà kọ́ ló mú òfin wọlé fún mi. Ó bá ọmọ tó fẹ́ràn òfin nílé, ó sì gbé òfin tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Mi ò ní ìtìjú nípa rẹ̀ mọ́. Ojú yìí kan náà ló ń rí àṣìṣe tí ẹni mẹ́ta ti fò kọjá níbi iṣẹ́ mi. Ohun tí mo ń kọ́ ni bí mo ṣe lè gbé ojú náà kúrò nígbà tí mo bá fẹ́.

Ìtọ́jú kan wà fún un, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. Wọn kì í dárúkọ oúnjẹ níbẹ̀, wọn kì í dárúkọ ìwọ̀n ara. Eré ọpọlọ ni, kí o lè máa rí bí o ṣe ń ronú. Ọ̀kan lára rẹ̀ ni pé kí o ka lẹ́tà gígùn kan, kí o sì sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Mo mú lẹ́tà rẹ dání lọ, èyí tó jẹ́ ojú ewé mẹ́fà yẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ gùn tó lẹ́tà náà fúnra rẹ̀: ó ṣí lọ sí yàrá mìíràn, òjò rọ̀, eyín ń dùn ún, bàtà rẹ̀ já. Olùtọ́jú mi ní, "Gbólóhùn kan." Mo tún un kọ, ó ṣì jẹ́ ìdajì ojú ewé. Ní ìgbà kẹrin ni mo kọ ọ́: "Àárò mi ń sọ ọ́." Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ka lẹ́tà yẹn bí ìgbà mẹ́wàá kó tó di ọjọ́ yẹn, mi ò rí i nínú rẹ̀. Bàtà tó já ni mo rí.

Mo tún ń gbé aago sí ọwọ́ kejì, mo ń jókòó sórí àga tí n kì í jókòó sí. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni aago ọwọ́ kejì yẹn fi ni mí lára. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìtọ́jú yìí ló wò mí sàn o. Oúnjẹ ló gbé mi dìde, oúnjẹ àti àwọn tó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú dókítà tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ mi àti bí ọkàn mi ṣe ń lù bí mo ṣe ń padà sídìí oúnjẹ, torí ìpadàbọ̀ yẹn náà léwu bí wọn kò bá ṣọ́ ọ. Eré ọpọlọ yìí, ojú ló fún mi. Àwọn kan ní ẹni tí àìsàn yìí bá ti ṣe kò lè bọ́ nínú rẹ̀ láéláé. Mi ò gbà. Mo mọ bí inú orí mi ṣe rí nígbà náà, mo sì mọ bó ṣe rí lónìí. Bí àníyàn bá dé, ọwọ́ mi ṣì ń fẹ́ sáré lọ síbi roboto kékeré yẹn. Mo ti mọ ìrìn rẹ̀ nísinsìnyí. Tí mo bá rí ara mi tí mo ń ṣàdàkọ ètò ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta nítorí ìlà kan tó wọ́, mo máa ń pe ẹnì kan, mo máa ń sọ ọ́ síta.

O rántí aago méje alẹ́ ọjọ́ Àìkú wa. Ọdún mélòó nìyí tí o ti ń dìde lóru níbi tí o wà, kí o lè pè mí ní méje gééré? Ó nígbà kan tí o pè ní ogún ìṣẹ́jú kọjá méje, tí mi ò gbé e, tí o rò pé mo ti kú. Mo wà níbẹ̀, mo ń wo fóònù bó ṣe ń dún. Àkókò ti kọjá, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè bá ọ sọ̀rọ̀ ní àkókò tí kì í ṣe tiwa. Mi ò tíì bẹ̀ ọ́ fún ìyẹn rí. Dárí jì mí.

Lóṣù tó kọjá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà ọ́ láàmú, aago mẹ́jọ ti lù kí ìpè rẹ tó wọlé. Àyà mi le díẹ̀, mo sì gbé e. A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá ọ. Ṣé o kíyè sí i?

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, sun oorun rẹ lóru ọjọ́ Àìkú. Má sọ ọjọ́ fún mi, má sọ aago. Pè mí nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.